Búlúù Ara Òwú

Ọjọ́bọ̀, oṣù kẹta

Àyà mi ò tíì balẹ̀. Láàárọ̀ yìí ní mùsíọ̀mù ìlú òyìnbó tí mo ti ń kọ́ iṣẹ́ àtúnṣe àwòrán àtijọ́, mò ń fi òwú nu ìdọ̀tí kúrò lára àwòrán Màríà. Bí mo ṣe gbé òwú náà sókè, búlúù ni mo rí lára rẹ̀.

Aṣọ Màríà! Ó ti lé ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ọdún tí wọ́n ti yà á sórí pákó ní Ìtálì. Láyé ìgbà yẹn, òkúta búlúù tí wọ́n ń lọ̀ kun irú aṣọ bẹ́ẹ̀ wọ́n bíi wúrà. Èmi tí físà mi ò tíì ju ọdún kan lọ ni mo wá nù ún kúrò?

Òfin ni pé tí àwọ̀ bá jáde, ká pe ọ̀gá lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Àpò ni mo ki òwú náà bọ̀. Mo jókòó sí tọ́yílẹ́ẹ̀tì fún wákàtí kan, mò ń ro ohun tí màá sọ fún Mọ́mì bí wọ́n bá dá mi padà sílé.

Nígbà tó yá, mo mú un lọ bá Ìyáàfin Helen, ọ̀gá mi. Wọ́n fi awò wo pákó náà títí.

"Fọkàn balẹ̀. Ẹnì kan ló fi búlúù yìí tún un kùn ní ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà. Ti ayàwòrán gan-an ṣì wà lábẹ́ rẹ̀. Ìgbà wo lo rí i?"

"Ìsinsìnyí ni, ma."

Ni wọ́n bá ń yìn mí lójú gbogbo ọ́fíìsì pé olóòótọ́ ni mí.

Kò sí nǹkan tó bàjẹ́. Kí ló wá dé tí mo fi purọ́?

Bí mo ṣe dé ibi tí mò ń gbé, mo tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí Ìyáàfin Helen: "Ẹ má bínú, ma. Wákàtí kan ni òwú yẹn lò lápò mi kí n tó mú un wá."

Wọ́n ti kà á. Wọn ò tíì fèsì.