Adé Páálí Tí Ẹ Fà Ya

Bàbá Adétóun,

Mo ti fi ẹ̀kọ lẹ adé páálí tí ẹ fà ya lórí ọmọ yín láàárọ̀ yìí. Ó dé e lọ síbi eré ìtàn wọn nílé ìwé, ẹkún ló sì ń sun lọ.

Ẹ ní ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ kò gbọdọ̀ ṣe Àmínà ọba Sáríà. Haba! Tíṣà ní kí wọ́n bi àgbà léèrè ìtàn ọba àtijọ́ kan. Ẹ̀yin ló kọ́kọ́ bi nípa Ṣọ̀ún, ẹ lé e. Ìyá Làdí ará ilé kejì ló dá a lóhùn, ìtàn Àmínà ló sì sọ fún un.

Ọbẹ̀ wà lórí àdògán. Tó bá dé, ẹ sọ ìtàn Ṣọ̀ún fún un. Bí ẹ̀yin náà ò bá mọ̀ ọ́n, ẹ kúkú sọ ìyẹn fún un.