Àbùjá Ọwọ́ Òsì

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù kẹta

Ọ̀gá tuntun dé ilé ìtẹ̀wé wa. Mo ti sọ ọ́ ní Bákan-náà, torí orin kan ló mọ̀: "Gbogbo kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ rí bákan náà." Kí n tó jẹun ọ̀sán dé, ó ti pa gbogbo àbùjá orí kíbọọ̀dù mi rẹ́. Iṣẹ́ ọdún méjì! Láti ọjọ́ tí ẹ̀rọ ìgéwèé ti sọ ìka ọ̀tún mi mẹ́ta di igi tí kò ṣeé ká mọ́, ètò kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan ni mo tún bọ́tìnì rẹ̀ pín, kí ọwọ́ òsì lè dá a ṣe. Nínú ètò ìkọ̀wé, F2 ń tọ́jú iṣẹ́. Nínú ètò àwòrán, F2 yẹn kan náà ń gé etí fọ́tò. Gbogbo rẹ̀ ti lọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrin

Mo tún gbogbo rẹ̀ tò. Orí mi ló wà, kò sí nínú ìwé kankan.

Ọjọ́rú, ọjọ́ karùn-ún

Ó tún pa á rẹ́. Mo tún un tò. Ṣìọ̀!

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà

Ó pè mí. Ó ní kí n lọ máa kí àlejò lẹ́nu ọ̀nà, pé àánú mi ló ń ṣe òun. Àánú! Mo ní títo ojú ìwé ni iṣẹ́ tí mo kọ́. Ó ní a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Mo ní, "Èmi ò júwe ilé, sà. Mò ń kọ́ ọ ni." Ó bínú. Ó ní ó dáa: lọ́la, ogójì ojú ìwé, wákàtí méjì, lórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀, "níbi tí oògùn rẹ ò sí." Bí n kò bá parí, ẹnu ọ̀nà yá.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní kí n lọ bẹ̀ ẹ́. Ìfẹ́ ló fi sọ ọ́, mo mọ̀. Ẹ̀rù ń bà mí — ṣùgbọ́n kí n bẹ̀bẹ̀? Láéláé.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ keje

Kò sọ pé kí n má fọwọ́ kan ètò rẹ̀. Iṣẹ́jú mẹ́rìnlá àkọ́kọ́, n kò to ojú ìwé kan ṣoṣo — bọ́tìnì ni mo ń pín, láti ètò kan dé òmíràn. Ó ń wo aago, ó ń rẹ́rìn-ín. Ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀, ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu rẹ̀. Ogójì pé, iṣẹ́jú mẹ́sàn-án ṣẹ́ kù. Ó yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mejì, kò rí àṣìṣe. Síbẹ̀: "A óò rí i lọ́jọ́ Ajé."

Mo dìde. N kò dá bọ́tìnì rẹ̀ padà sí bó ṣe wà. N kò gbàgbé o. Mo fi í sílẹ̀ ni.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹsàn-án

Inú ṣì ń bí mi.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹwàá

Aago mẹ́sàn-án kò tíì lù, ariwo ti sọ lọ́fíìsì Bákan-náà. Ó fẹ́ tẹ lẹ́tà jáde, ó tẹ bọ́tìnì tó máa ń tẹ̀, ojú ìwé òfìfo yọ. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Òfìfo méjì. Ó tẹ̀ ẹ́ tìbínú-tìbínú títí ó fi di ogún. Òun fúnra rẹ̀ ló rìn wá sídìí tábìlì mi. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bá mi tún un ṣe. Mi ò lè ṣiṣẹ́ báyìí."

Mo ní, "Bó ṣe máa ń rí nìyẹn, sà, bí ẹlòmíràn bá da bọ́tìnì ẹni rú."

Ojú tì mí díẹ̀. Díẹ̀ náà ni. Mo fa bébà yọ, mo kọ ọ́ níṣojú rẹ̀: títo ojú ìwé ni n ó máa ṣe, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan kíbọọ̀dù mi. Ó kà á, ó ní òun á rò ó. Mo ní kò burú, mo kọjú sí iṣẹ́ mi.

Kí aago mọ́kànlá tó lù, ó padà wá buwọ́ lù ú. Mo tún tirẹ̀ ṣe. Iṣẹ́jú mẹ́rin, ọwọ́ òsì.