Màmá Hester Pugh, Tí Wọn Kò Gba Ilẹ̀kùn Èédú Jáde

Ẹ̀yin olùbánikẹ́dùn, ẹ fìdí kalẹ̀ dáadáa. Ìtàn tí ẹbí fẹ́ sọ fún yín kò gùn, ṣùgbọ́n ó korò, ẹbí kò sì ní bu ṣúgà sí i.

Ní ọdún 1898 ni wọ́n bí Màmá ní abúlé Wenbury, ní Shropshire. Elijah Maddocks, olùtọ́jú ọgbà ilé ńlá Wenbury, ni bàbá wọn. Tabitha, alágbàfọ̀ ilé náà, ni ìyá wọn. Màmá kàwé ní ilé ẹ̀kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì, lẹ́yìn náà wọ́n di ọmọ ọ̀dọ̀ nínú ilé ńlá kan náà.

Ní ọdún 1915, nígbà tí ogun gbóná ní ilẹ̀ Faransé, Ìyáàfin Lathom onílé yọ̀ǹda ilé rẹ̀ kí àwọn ọmọ ogun tó gbọgbẹ́ máa gba okun padà níbẹ̀. Ìwé ìròyìn yìn ín títí. Ohun tí ìwé ìròyìn kò kọ ni pé kò gbà kí ẹnìkan nínú wọn fẹsẹ̀ kan àtẹ̀gùn iwájú. Ó ní ọ̀pá tí wọ́n fi ń rìn yóò ha òkúta mábù òun. Àtẹ̀gùn àwọn ìránṣẹ́ lẹ́yìn, tó há bí ọrùn ìgò, ni àwọn tí wọ́n ti gé lẹ́sẹ̀ ń gùn, nínú aṣọ búlúù àti táì pupa tí ìjọba fi dá wọn mọ̀.

Amos Tuckwell, ọmọ awakùsà láti Durham, ẹlẹ́sẹ̀ kan, ni aláwàdà wọn.

“Hester, àwọn ará Jámánì yìnbọn títí, wọn ò rí mi pa. Àtẹ̀gùn ọ̀gá ẹ yìí ló fẹ́ bá wọn parí iṣẹ́.”

“Di okùn ara ògiri mú, jàre! Ẹnu ẹ ń ró bí aago ṣọ́ọ̀ṣì.”

Ní oṣù kejì ọdún 1917, àwàdà di òótọ́. Yìnyín bá bàtà àwọn agbéèédú wọlé, àtẹ̀gùn ń yọ̀, Amos ṣubú láti òkè dé ilẹ̀, ọrùn rẹ̀ sì ṣẹ́. Onílé àti àlejò ń mu tíì níwájú. Ìyáàfin Lathom kò tilẹ̀ gbé ife kalẹ̀.

“Ẹ gbé e gba ilẹ̀kùn èédú lẹ́yìn. Kí àlejò mi má rí i.”

Màmá dúró ti òkú Amos. “Ọ̀gá mi, èédú la máa ń gbé gba ibẹ̀. Èèyàn nìyí.”

Ibẹ̀ náà ni wọ́n gbé Amos gbà. Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti lé Màmá jáde.

Ní ọdún 1920, Màmá fẹ́ Reuben Pugh, alágbẹ̀dẹ. Ọdún yẹn náà ni wọ́n kan àwo idẹ mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀ṣì wa yìí fún Ìyáàfin Lathom: “Ó ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ fún àwọn tó gbọgbẹ́.” Ọdọọdún, ní ìsìn ìrántí àwọn tó kú sógun, Màmá a fi òdòdó pupa sáyà, wọ́n a gbójú sókè sí àwo náà, wọ́n a bèèrè sókè ketekete pé, “Ilẹ̀kùn wo?”

Àlùfáà a ní, “Ìyá, ẹ rọra, èèyàn pọ̀ níbí.”

“Àwọn náà ni mò ń sọ ọ́ fún. Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, àlùfáà. Ẹni tó kó o kì í gbàgbé.”

Nígbà tó yá, ilé ńlá náà di ilé ìtọ́jú arúgbó. Ibẹ̀ ni ogbó dá Màmá padà sí. Wọ́n kìlọ̀ fún Mabel ọmọ wọn: “Iwájú ni kí ẹ gbé mi gbà. Èmi kì í ṣe èédú.”

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni Màmá sùn. Nígbà tí àwọn agbókùú dé, alábòójútó ní, “Ẹ̀yìn la máa ń gbé wọn gbà, mà, kí ọkàn àwọn àgbà má bàa dàrú. Àṣà ilé ni.”

Mabel, ẹni ọdún márùnlélọ́gọ́ta, lọ jókòó sórí ìloro ilẹ̀kùn èédú. “Ó dáa. Ẹ kọ́kọ́ gbé èmi kúrò níbí ná.”

Àwọn arúgbó gbọ́ ariwo. Àwọn fúnra wọn ló ṣí ilẹ̀kùn ńlá. Wọ́n tò sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì àtẹ̀gùn iwájú bí Màmá ti ń kọjá, ọ̀pá wọn sì ń ha mábù náà.

Mabel àti Enoch, ọmọ wọn, àwọn ọmọ-ọmọ àti ọmọ kékeré kan tó ń jẹ́ Hester ló gbẹ̀yìn wọn. Ẹnu Màmá ni Mabel ti gbọ́ ìtàn yìí. Mabel ló fi lé wa lọ́wọ́. Bí ẹ bá ń jáde lónìí, ẹ wo àwo idẹ yẹn, kí ẹ sì bá Màmá bèèrè.

Màmá, ẹ sinmi. Ẹnu ọ̀nà iwájú ni kí ọ̀run ṣí fún yín.