Ọkọ̀ Ilé Tí Ọ̀gá Ọ̀nà Fẹ́ Rà

Ọjọ́bọ̀, 4 oṣù kẹrin

Ìpàtẹ ọkọ̀ ilé, ọkọ̀ tí èèyàn lè máa sùn nínú ẹ̀, ti bẹ̀rẹ̀ ní pápá ìlú. Ọ̀gá Ọ̀nà ti wọ bàtà kí n tó po kọfí tán. (Merle ọkọ mi nìyẹn. Inú ìwé yìí nìkan ni mo ti ń pè é bẹ́ẹ̀.) Gbogbo ọjọ́ ayé ẹ̀ ló fi wa ọkọ̀ ilé láti ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe é lọ fún àwọn tó ń tà á, títí dé etí òkun. Wọn ò jẹ́ kó sùn nínú ẹyọ kan rí. Ọ̀rá ṣì wà lórí àga, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fara kan bẹ́ẹ̀dì. Ilé ìtura olówó pọ́ọ́kú ló ń sùn sí. Ní báyìí tó ti fẹ̀yìn tì, ó ní ó kan òun. Ta ló máa jiyàn? Ó kàn án.

Àfi ti ojú. Dókítà ti sọ ọ́ lóṣù tó kọjá: ojú ọ̀tún ti lọ. Kó má wakọ̀ lálẹ́ mọ́, kó má sì wa ohunkóhun tó bá tóbi ju mọ́tò ilé wa lọ. Merle gbọ́ "lálẹ́". Kò gbọ́ ìyókù. Nígbà tí à ń bọ̀ nílé, ó ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni, títí kan Joelle ọmọ wa. Mo ní mo gbọ́.

Àbámẹ́ta, 6

A tún padà lọ. Mo ti sọ gbogbo wọn lórúkọ kí orí mi má bàa dàrú. Erin — èyí tó dà bíi bọ́ọ̀sì, kíṣìnì, balùwẹ̀, àga ìrọ̀gbọ̀kú, gbogbo ẹ̀ ló wà níbẹ̀. Onífìlà — èyí tí bẹ́ẹ̀dì wà lókè orí awakọ̀. Ìrù — èyí tí wọ́n ń so mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ fà. Agboòrùn — èyí tí wọ́n ń ká bí aṣọ, òjò kékeré á sì lé ọ jáde. Ìgbín — kékeré, ó ṣe ṣókí, bẹ́ẹ̀dì ẹ̀ ò ju ti ọmọ ilé ìwé lọ.

Merle ń wo bẹ́ẹ̀dì àti balùwẹ̀. Èmi ń wo apá ọ̀tún. Bí wọ́n bá ti sọ pé "èyí fẹ̀ gan-an," àyà mi á já.

Kendra, ọmọbìnrin tó ń tà á, béèrè pé, "Màmá, ta ló máa wà á nínú ẹ̀yin méjèèjì?" Merle rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. "Ṣé o mọ ẹni tó ò ń bá sọ̀rọ̀ ni?" Kendra wò mí. Mo wo bàtà mi.

Ìgbín ni mo fẹ́. Èmi náà lè wà á.

Ìṣẹ́gun, 9

Joelle pè láti Oregon, níbi tó ń gbé. "Mọ́mì, ẹ jẹ́ kí Dádì ra ohun tó bá wù wọ́n jàre. Ẹ̀rù ń bà yín jù. Ẹ wakọ̀ yín wá, kẹ́ ẹ wá rí ọmọ mi." Ọ̀rọ̀ ojú Merle dé orí ahọ́n mi. Merle jókòó síbẹ̀, ó ń fi ọ̀bẹ pa bọ́tà sí búrẹ́dì. Mo ní, "A máa rò ó." Ẹni bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́. Ohun tí ìyá mi máa sọ nìyẹn ká ní ó wà níbí.

Ẹtì, 12

Merle fi èjìká gbá ilẹ̀kùn ilé ìdáná lẹ́ẹ̀mejì lónìí. Apá ọ̀tún.

Àìkú, 14

A háyà Onífìlà láti fi dán an wò, a gbé e lọ sí etí adágún. Mo gbádùn òru àná, kí n má purọ́. Òjò ń kù lórí òrùlé, Merle ń hanrun lókè orí awakọ̀ bí ọmọdé tó rí ohun tó fẹ́ gbà.

Ṣùgbọ́n bí a ṣe dé ibẹ̀ lánàá ni kí n kọ. Gbogbo ẹni tó bá ti pàgọ́ tẹ́lẹ̀ ló máa ń gbé àga síta ní ìrọ̀lẹ́ láti wo àlejò bó ṣe ń fi ẹ̀yìn wọlé sí àyè ẹ̀. Ìran ọ̀fẹ́ ni. Ọkọ á wà nídìí ọkọ̀, ìyàwó á dúró síbi tí díńgí ti lè rí i, á máa fọwọ́ júwe. Ẹnikẹ́ni kì í pariwo, ìtìjú ni. Bó o bá ká ọwọ́ tó o gbé ẹ̀ṣẹ́ sókè, kó dúró nìyẹn.

Igi wà lápá òsì, ọ̀tún ni mo dúró sí. Ó ń bọ̀. Mo gbé ẹ̀ṣẹ́ sókè. Ó ń bọ̀. Mo gbé méjèèjì sókè. Inú díńgí yẹn gan-an ni mo wà, mo ń rí ojú ẹ̀ nínú ẹ̀, ojú náà ń wò mí — kò rí mi. N kò pariwo. Kí ló dé tí n kò pariwo? Mo fo sẹ́gbẹ̀ẹ́, tábìlì onípákó tó wà lẹ́yìn mi ló fọ́.

Bàbá kan tó gbé ajá dání ní, "Ìyàwó, ṣé o mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì ṣá?" Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Láàárín àwa tó ń fi ọkọ̀ ilé pàgọ́, bí ọkọ̀ bá gbá nǹkan, ẹni tó ń júwe ló jẹ̀bi, ẹnikẹ́ni kì í bi awakọ̀ ní nǹkan kan. Merle náà rẹ́rìn-ín: "Látọjọ́ ìgbéyàwó wa ni mo ti ń kọ́ ọ!" Mo ní kí wọ́n má bínú, èmi ni.

Nígbà tó ku àwa méjì, ó bi mí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ pé, "Lorna, ṣé o gbé ọwọ́ sókè?"

Mo ní bóyá n kò gbé e dáadáa.

Ajé, 15

Inú ń bí mi sí ara mi. Ọ̀rọ̀ ojú yìí kò ṣeé gbé mì, kò ṣeé tu dànù.

Ọjọ́rú, 17

Ọlọ́run ṣeun! Merle fúnra ẹ̀ ló sọ ọ́ nídìí oúnjẹ àárọ̀: "Ká kúkú ra kékeré yẹn. Ìwọ náà á lè gbà á lọ́wọ́ mi." Kò sọ ìdí, mi ò sì béèrè. Mo fẹnu kò ó ní àárín orí tí irun ti tán. A lọ bá Kendra, mo wa Ìgbín yí ọgbà wọn ká, ọwọ́ mi gbà á. Mo yan páì nígbà tí a délé. Ó jẹ ìdajì.

Àbámẹ́ta, 20

Mo ti rán kọ́tìnnì tuntun sílẹ̀ de fèrèsé Ìgbín. Kékeré báyìí, ó wù mí.

Ìṣẹ́gun, 23

Mo lọ síbi ìdánrawò orin ìjọ. Merle ní òun fẹ́ lọ fọwọ́ síwèé, òun á gbé Ìgbín bọ̀.

Erin ló gbé bọ̀.

Ó kún iwájú ilé, n kò rí ilé àwọn ará òdìkejì mọ́. Ó ti fi mọ́tò wa ṣe pàṣípààrọ̀. Ó bọ́ sílẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. "Èmi tí mo kó ọkọ̀ ńláńlá kiri ilẹ̀ yìí, ṣé páálí kékeré yẹn ni kí n wá fi gbẹ̀yìn? Mo gbé e dé, Lorna. Nǹkan kan ò kàn án!"

Mo rìn yí i ká. Apá ọ̀tún ti họ, láti ẹnu ọ̀nà títí dé táyà ẹ̀yìn. Ọ̀dà dúdú ló wà lójú ibi tó họ. Nǹkan kan há sínú irin ìsàlẹ̀. Mo fà á yọ. Ọ̀rá pupa bí ọsàn, tó máa ń dán bí iná bá tàn sí i — àjákù kan lára irú èyí tí àwọn ará Amish, àwọn onígbàgbọ́ àgbègbè wa tí kì í wa mọ́tò, máa ń kàn mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ ẹṣin wọn, kí ọkọ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè rí wọn. Dúdú sì ni gbogbo kẹ̀kẹ́ wọn.

Mo bi í pé ọ̀nà wo ló gbà. Ó ní ọ̀nà oko, òun ò fẹ́ bá àwọn ọkọ̀ ńlá fà á lójú títì. Mo ní ṣé nǹkan kan kàn án? Ó ní, "Afẹ́fẹ́ ni. Afẹ́fẹ́ yẹn ti ọkọ̀ díẹ̀ lójú ọ̀nà, ìyẹn náà ni."

Ewé igi kan ò mì láti àárọ̀.

Mo wọlé, mo ti ilẹ̀kùn. Ọ̀rá náà wà lórí ìwé yìí níbi tí mo ti ń kọ ọ́. Mo ti tẹ nọ́ńbà ọlọ́pàá, ó ń dún, wọn ò tíì gbé e. N kò mọ ohun tí mo máa kọ́kọ́ bi wọ́n: ṣé ẹnì kan… tàbí ṣé ọmọdé wà… Merle ń tẹ hóònù níta. Ó ní kí n jáde wá wo ibi tí a ó máa sùn.