Reuben Adékọ́lá Òjédìran, Ẹni Tí Kò Jẹ́ Kí Wọ́n Wó Wheatsheaf

Ìlú Ìṣẹ́yìn ni wọ́n ti bí bàbá wa ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹta ọdún 1949, sínú ìdílé Dáníẹ́lì Òjédìran, káfíńtà, àti Dérìntọ́ aya rẹ̀. Ní 1972, wọ́n lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti kọ́ iṣẹ́ yíya àwòrán ilé. Ní 1977, wọ́n fẹ́ Stella, nọ́ọ̀sì, ìyá wa.

Ní 1986, ilé-iṣẹ́ wọn rán wọn sí ìlú ọjà kékeré kan láti wọn Wheatsheaf, ilé ọtí àtijọ́ tí wọ́n ti tì pa, tí wọ́n sì fẹ́ wó. Láti ojú títì, ilé bíríkì pupa lásán ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí Bàbá gun àjà, wọ́n rí i pé bíríkì náà kàn bo iwájú ni. Igi óòkù, igi líle ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni gbogbo òpó àti òrùlé. Èèkàn igi ni wọ́n fi so wọ́n pọ̀, kò sí ìṣó kan níbẹ̀. Èéfín ti sọ wọ́n di dúdú, láti ayé àtijọ́ tí wọ́n ń dáná láàárín ilé. Bàbá sọ fún wa pé omi bọ́ lójú àwọn lórí àkàbà.

Nígbà tí Bàbá ní kò yẹ kí wọ́n wó o, ọ̀gá wọn ní, “Wíwọ̀n ni mo rán ọ, n kò rán ọ ní ìwàásù.” Bàbá gba ìsinmi ọjọ́ mọ́kànlá, wọ́n ya àwòrán àwọn igi náà lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì gbé e lọ síwájú ìgbìmọ̀ ìlú. Nínú ìjọ pàápàá, àwọn kan bi wọ́n léèrè ohun tó kan ọmọ Onítẹ̀bọmi pẹ̀lú ilé ọtí. Bàbá dáhùn pé, “Ọtí ti tán níbẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ àwọn káfíńtà ló kù, a kò sì mọ orúkọ ọ̀kan nínú wọn.”

Nínú ìgbìmọ̀ náà, ẹni mẹ́fà gbè wọ́n, ẹni márùn-ún kọ̀. Ilé náà dúró. Ilé ìkàwé ni lónìí. Ọ̀sẹ̀ náà gan-an ni iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ Bàbá. Oṣù mẹ́rìnlá ni wọ́n fi wá òmíràn, ìgbà kan ò sì sí tí Màmá dá wọn lẹ́bi.

Ní 1988, Màmá ríṣẹ́ ní Dallas, ní Texas ilẹ̀ Amẹ́ríkà, a sì kó wá sí apartment kan ní Pleasant Grove, kí a tó ra ilé ní Richardson. Bàbá ṣe iṣẹ́ àyẹ̀wò ilé títí di 2014. Àwọn èèyàn wa kì í ra ilé láìpè wọ́n. Wọ́n á kúnlẹ̀ wo ìpìlẹ̀, wọ́n á ní, “Ẹ má jẹ́ kí kíṣínì yìí tàn yín. Ilẹ̀ ti ń fa ilé yìí lọ.” Díákónì ni wọ́n ní ìjọ wa ní Balch Springs, ọmọ àádọ́rin ọdún ni wọ́n nígbà tí wọ́n tún òrùlé ilé ìjọsìn náà ṣe.

Àìsàn ọkàn dá wọn dúbúlẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2025. Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn wọn, Màmá ni wọ́n sọ ọ́ fún: “Ṣé o ti jẹun?” Wọ́n dágbére fáyé ní ọjọ́ kejì oṣù kẹwàá.

Wọ́n fi Màmá Stella sílẹ̀ sáyé lọ, pẹ̀lú àwọn ọmọ, Tèmídayọ̀, Súnkànmí àti Fèyísọ́lá, àti àwọn ọmọ-ọmọ, Ìtùnú àti Ethan.

Ẹ sinmi, Bàbá wa. Kí ilẹ̀ Texas rọ̀ yín lára, kí Olúwa tí ẹ sìn fọwọ́ ara rẹ̀ ṣílẹ̀kùn fún yín. Ó dàárọ̀ o.