Àpótí Tí Mo Sọ Pé Mo Ti Parí

Ojúlé Kẹtàdínlógún,
Sùúrùlérè,
Èkó.
Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kọkànlá, ọdún 1974.

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ibí yìí o. Ṣé ara yín le? Ṣé ẹsẹ̀ òsì tó máa ń dùn yín nígbà òjò ti fúyẹ́, báyìí tí ọyẹ́ ti ń bọ̀? Mo bẹ Ọlọ́run kí lẹ́tà yìí bá yín níbi iṣẹ́, pẹ̀lú ìfági lọ́wọ́, kí ó má bá yín lórí ibùsùn. Ní tèmi, ara mi dá ṣáṣá.

Òkúta ìpọ́nbẹ tí ẹ fún mi ṣì wà lọ́wọ́ mi. Ní àràárọ̀, kí àwọn ará ilé tó bẹ̀rẹ̀ sí í du omi ẹ̀rọ, mo máa ń gbé garawa jáde sí ẹ̀yìn ilé ìdáná, n ó dojú rẹ̀ délẹ̀, n ó sì jókòó lé e. N ó tẹ́ àkísà sórí itan, n ó gbé òkúta náà lé e, n ó fi ìka mẹ́ta wọ́n omi sí i. Lẹ́yìn náà n ó mú ọ̀bẹ ìfínnà, n ó tẹ ojú rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lẹ́, n ó sì máa fà á wá sọ́dọ̀ ara mi. N kì í tì í lọ, nítorí ẹ ní ẹni tó bá ń ti ọ̀bẹ lọ ń lé e kúrò nílé ni. Ogún ìgbà ní apá ọ̀tún, ogún ìgbà ní apá òsì. Bí omi orí òkúta bá ti dúdú, n ó nù ún, n ó sì fi ojú ọ̀bẹ náà kan èékánná àtàǹpàkò mi. Bí ó bá yọ̀, n ó tún bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá di èékánná mú, ó ti mú nìyẹn.

Ibi tí mo ń jókòó sí yẹn ni mo ti mọ gbogbo ará ilé wa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò mọ̀ mí. Mo mọ bàtà ẹni tó ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀, mo mọ ti ẹni tó ń sáré. Mo mọ ìyàwó akọ̀wé inú yàrá kẹta, tó máa ń jí àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, tí yóò pe orúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan dé orí àbíkẹ́yìn, tí yóò tún padà bẹ̀rẹ̀ láti orí àkọ́bí. Nígbà mìíràn mo máa ń dẹ́kun ọ̀bẹ pípọ́n, n ó dúró bóyá yóò pe ẹnì karùn-ún. Bàbá, láti oṣù kẹsàn-án tí mo ti dé Èkó, kò tíì sí ẹni tó pè mí ní Àríkẹ́.

Mi ò ní kí ẹ bínú sí Àǹtí Hilda o. Ọmọ ẹ̀gbọ́n Màámi ni wọ́n, wọ́n sì ń ṣe bí ọmọ ẹ̀gbọ́n. Oúnjẹ mi kì í tutù kí n tó dé. Ṣùgbọ́n ọ́fíìsì ló ń gbé wọn lọ láàárọ̀, ìpàdé ìjọ ló ń gbé wọn lọ nírọ̀lẹ́, "ìwọ ọmọ yìí" ni wọ́n sì ń pè mí. Ní ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ wa ní Yábàá, "Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́" ni.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ ni mo ń yí po bí adìẹ tó ń wá ibi tí yóò yé sí. Ẹ jẹ́ kí n kúkú sọ ọ́. Nínú lẹ́tà mi tó kọjá, mo ní àpótí náà ti parí, mo ní ọ̀gá wa yìn ín lójú gbogbo kíláàsì. Irọ́ ni mo pa, Bàbá. Àpótí kò parí. Mo ti ba pákó igi apá yín jẹ́.

Mo mọ ohun tí pákó náà jẹ́. Abẹ́ igi apá ẹ̀yìnkùlé ni Màámi ti máa ń di irun fún àwọn èèyàn, mo sì máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, n ó máa ṣa irun tó bá já. Ọdún tí wọ́n jáde láyé ni ìjì wó igi náà. Ẹ ní kí wọ́n là á, inú rẹ̀ ti jẹrà, pákó kan ṣoṣo ló dára níbẹ̀, ẹ sì gbé e sí òkè àjà ilé ìdáná kí èéfín máa gbẹ ẹ́. Ọdún mọ́kànlá ló fi wà níbẹ̀. Àwọn tó fẹ́ rà á wá, wọ́n bẹ̀ yín títí, ẹ kò tà á. Àárọ̀ ọjọ́ tí mo ń bọ̀ l'Ékòó ni ẹ gbé e sọ̀kalẹ̀, tí ẹ fi ọwọ́ nu eérú ara rẹ̀, tí ẹ ní kí n fi ṣe àpótí tí òòyà Màámi, ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn wọn àti fọ́tò wọn kan ṣoṣo yóò máa gbé. Ẹ ní, "Àríkẹ́, kò ní èkejì. Ohun tí o bá gé, o ti gé e."

Ìdáhùn tí ẹ kọ sí irọ́ mi ló mú mi jókòó kọ èyí. Mo gba lẹ́tà yín lọ́wọ́ Àǹtí Hilda láàárọ̀ òní, mo sì ń kà á bí mo ti ń rìn lọ sí ilé-ẹ̀kọ́. Ojú Ẹlẹ́gbà ni mo dé tí mo kan ibi tí ẹ ti kọ ọ́ pé, "Mo ti nu ibi tí yóò jókòó sí lórí tábìlì. N kò gbé nǹkan kan síbẹ̀ mọ́." Mo dúró gbagidi lẹ́bàá títì. Obìnrin kan tó ń ta búrẹ́dì wò mí títí, ó ní, "Sìsí, ṣé kò sí nǹkan o? Ta ló kú?" Mo ní kò sẹ́ni tó kú. Ó ní, "Ẹ yáa kúrò lójú ọ̀nà nígbà náà, kí mọ́tò má lọ gbá yín."

Bí mo ti bà á jẹ́ nìyí. Ní ilé, okùn tí ẹ rì sínú èédú lẹ fi ń fa ìlà, ìlà náà a sì nípọn débi pé afọ́jú lè fọwọ́ kàn án. Ẹ máa ń fi ayùn gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ ó ní, "Jẹ́ kí ìlà ó yè. Ayùn a máa jẹun, má fi ìlà bọ́ ọ." Níbí, pẹ́ńsùlù la fi ń fa ìlà, kò sì nípọn ju irun orí lọ. Ọ̀gbẹ́ni Ògúntádé, ọ̀gá tó ń kọ́ wa, ní, "Ẹ gé e sórí ìlà." Ó wá sí mi lọ́kàn láti bi wọ́n pé ẹ̀gbẹ́ wo lára ìlà ni. Àwa mọ́kàndínlógún la wà níbẹ̀, èmi nìkan ni obìnrin, bí mo bá húkọ́ gbogbo ojú ni yóò yí sí mi. Mo pa ẹnu mọ́. Mo rí i pé àárín ìlà gan-an ni gbogbo wọn ń gé, mo sì gé àárín ìlà. Àmọ́ pákó tiwọn pọ̀ nílẹ̀.

Ẹ̀gbẹ́ kìíní kúrú díẹ̀. Mo fá èkejì kí ó lè bá a dọ́gba, mo fá a jù. Mo tún padà fá ti kìíní. Ṣé ẹ rántí ìtàn tí ẹ máa ń sọ nípa ọkùnrin tó ń gé ẹsẹ̀ àga rẹ̀ kí ó má bàa mì mọ́, títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀? Mo máa ń fi ọkùnrin yẹn rẹ́rìn-ín ní kékeré. Nígbà tí mo kó ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ, ìmọ́lẹ̀ ń gba igun wọn kọjá.

Bí mo bá ti sọ ọ́ lọ́jọ́ náà, àpótí tó kéré díẹ̀ ni ì bá yọrí sí, ọ̀rọ̀ ì bá sì tán síbẹ̀. Ṣùgbọ́n mo gbá ìyẹ̀fun ayùn jọ, mo fi góòmù pò ó, mo fi dí àwọn igun náà, mo fi sanpépà gbo ó, mo kun fáníìṣì lé e lórí. Ó dán, Bàbá. Ẹ̀yin náà ì bá má tètè mọ̀. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo kọ̀wé sí yín. Góòmù kò tíì gbẹ tí mo fi kọ ọ́.

Ọnà tí mo fẹ́ fín sí i ni ṣùkú, irun tí Màámi mọ̀ ọ́n dì jù, kí àwọn ìlà rẹ̀ gbéra láti ìsàlẹ̀ ara àpótí, kí wọ́n máa gòkè bọ̀ láti gbogbo ẹ̀gbẹ́, kí wọ́n pàdé láàárín ìdérí. Mo fín ìdérí, ó dára. Mo bọ́ sí ẹ̀gbẹ́. Bí ọ̀bẹ mi ti kan igun, ohun tí mo fi dí i tú dà sórí tábìlì. Tìrìmísíyù ló ń ṣiṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ẹnu rẹ̀ kì í sì í sinmi. Ó ní, "Ẹ̀ẹ́! Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, gàrí lẹ fi kan àpótí yín ni?" Ẹnì kan ní ẹ̀yìn ní, "Ẹ bomi sí i, ṣúgà ń bọ̀!" Wọ́n rín in títí. Bí ó bá ṣe pé àpótí ẹlòmíràn ni, èmi náà ì bá rẹ́rìn-ín.

Ọ̀gbẹ́ni Ògúntádé kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n wá, wọ́n ki ìka bọ ihò náà, wọ́n ní, "Ta lẹ ń fi eléyìí pa mọ́ fún?" Mo ń gbá èyí tó tú dà sórí tábìlì jọ. Wọ́n ní, "Àpótí tó ti ń pa nǹkan mọ́ kí a tó fi nǹkan sínú rẹ̀, ó ti kún nìyẹn. Ẹ tú u."

Mo fi omi gbígbóná rọ góòmù, mo tú u. Ojú tì mí, mo sì kánjú, mo fi ipá ya igun tó gbẹ̀yìn, ẹ̀gbẹ́ kan sì là sí méjì láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ẹ̀yin mọ bí apá ṣe máa ń ké bí ó bá ń là. Mo gbọ́ ọ lóru náà nínú oorun mi.

Mo ti tún àwọn tó kù gé, wọ́n kéré sí ti ìṣáájú. Mo jẹ́ kí ìlà ó yè lọ́tẹ̀ yìí, mo sì fi ìfági jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi kan ìlà. Igun méjì ti so pọ̀. Mo gbé wọn sójú oòrùn, ìmọ́lẹ̀ kò kọjá. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ mẹ́ta ni mo ní, àpótí ẹlẹ́gbẹ̀ẹ́ mẹ́ta kò sì lè gbé nǹkan. Ọjọ́ Ẹtì la ó kó iṣẹ́ wa sílẹ̀ fún ọ̀gá.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, nígbà tí àwọn yòókù ti lọ, Tìrìmísíyù dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń fi ẹsẹ̀ gbá èérún igi kiri. Kò ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní, "Bàbá mi ní ìsọ̀ káfíńtà ní Pápá Àjàó. Ilẹ̀kùn igi apá àtijọ́ kan wà níbẹ̀ tí wọ́n tú. Ẹ wá wò ó, wọn ò ní lé yín. Kí lorúkọ yín gan-an?" Mo wo ilẹ̀, mo ní, "Ẹ ṣé," mo gbé àpò mi, mo sì lọ. Láti Yábàá dé Sùúrùlérè ni mo fi ń dá a lóhùn nínú ọkàn mi.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń rò ó. Ẹnu tí n kò là ló ba pákó yín jẹ́, Bàbá. Ayùn kàn jẹ ohun tí mo gbé fún un ni. Bí mo bá rí ẹ̀gbẹ́ kẹrin, àwọ̀ rẹ̀ kò ní bá ti yín mu, yóò pọ́n jù ú lọ. N kò ní kun nǹkan kan lé e. Kí ẹnikẹ́ni tó bá wò ó rí i. Bí ẹ bá sì ní kò yẹ lórí tábìlì Màámi, n kò ní jiyàn, ṣùgbọ́n mo bẹ̀ yín, ẹ forí jì mí.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ọwọ́ yín máa yá síṣẹ́. Kí ojú yín má ṣe bàìbàì. Kí Kérésìmesì bá wa láyọ̀, kí n bá yín lẹ́nu ọ̀nà bí mo ti fi yín sílẹ̀.

Èmi ni ọmọ yín tí kò ní purọ́ fún yín mọ́,
Àríkẹ́ Ọlápàdé.

Mo tún rántí: Ẹ ó rí okùn kan nínú àpò ìwé yìí. Gígùn àpótí náà gan-an ni, bó ti wà lónìí. Ẹ tẹ́ ẹ sórí ibi tí ẹ nù sílẹ̀. Ààyè yóò ṣẹ́ kù, ẹ lè gbé Bíbélì yín síbẹ̀. Lọ́la, n ó sọ ibi tí mo ń lọ fún Àǹtí Hilda kí wọ́n tó lọ sí ọ́fíìsì, bí kíláàsì bá sì ti parí, n ó bá Tìrìmísíyù lọ sí Pápá Àjàó. N ó kúnlẹ̀ kí bàbá rẹ̀. N ó ní Àríkẹ́ ni mo ń jẹ́, ọmọ káfíńtà ni mí, mo sì ní ìbéèrè kan.