Wàláà Oníṣúgà Tí Mo Fẹ́ Yan fún Ọdún

Ilé wa, Ìwó,
Ọjọ́ kẹrin lẹ́yìn ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀.

Kareemah ọmọ mi, Àmọ̀kẹ́,

Àsàláámù aláékùm. Ṣé àlàáfíà ni o wà ní Àbújá lọ́hùn-ún? Ṣé àwọn ọ̀gá rẹ kò fi ìyà jẹ ọ́, ṣé o sì ń rí oorun sùn? Ara tèmi le, a dúpẹ́, àfi orúnkún òsì tí kì í jẹ́ kí n jókòó pẹ́ lórí ẹní mọ́. Ọlọ́run tó mú wa parí ààwẹ̀ yìí yóò mú wa rí òmíràn, àwa tó kù. Nígbà tí mo kọ "àwa tó kù" yẹn tán, mo ní láti gbé bírò sílẹ̀ díẹ̀ kí n tó lè máa bá ọ̀rọ̀ lọ, má bínú.

Ìwé ni mo kọ dípò kí n pè ọ́, nítorí pé fóònù kì í jẹ́ kí ènìyàn sọ̀rọ̀ tán. Ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti ń dunni gan-an ni yóò ti já, bí ẹni pé ẹni tó ni ẹ̀rọ náà jókòó síbì kan tó ń gbọ́ wa, tí kò sì fẹ́ kí a da omijé sí òun lẹ́rọ. Awakọ̀ tó ń ná Àbújá ní gáréèjì wa ni mo fi í rán, mo sì kìlọ̀ fún un pé kó má kó o pọ̀ mọ́ àpò ata.

Òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀, àwọn ará Olúpọ̀nnà ti ń kọ ebè. Àbúrò mi Fàtímọ̀ wá láti Kuta kí ọdún tó dé, ó kí ọ, ó ní o ti gbàgbé òun.

Ohun tó mú mi kọ̀wé gan-an ni ọ̀rọ̀ wàláà oníṣúgà ìyá rẹ. O mọ̀ pé láti ìgbà tí mo ti gbé Zakiyyah níyàwó, kò sí ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀ tí kì í yan án, bisikíìtì tó máa ń gé bíi wàláà tí àwọn ọmọ kéwú fi ń kàwé, tòun ti ibi tí wọ́n ń fọwọ́ dì mú, tí yóò wá bu ṣúgà wọ́n ọn lórí títí yóò fi máa dán. Ọ̀dọ̀ ìyá tirẹ̀ ló ti kọ́ ọ. Inú ìkòkò irin tó da yanrìn sí ló ti ń yan án, pẹ̀lú ẹyin iná lórí ọmọrí. Gbogbo ọmọ kéwú mi ni í gba ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀jẹ̀túndé, aládùúgbò wa, tí kò gba ààwẹ̀ ọjọ́ kan rí láyé rẹ̀, òun ni í kọ́kọ́ dé láàárọ̀ ọdún, a máa ní òun wá bá wa túnu.

Lọ́dún tó kọjá, ilẹ̀ tí a fi bo ìyá rẹ kò tíì gbẹ tí ọdún fi dé, kò sí ẹni tó bi wá léèrè bisikíìtì. Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, kí ààwẹ̀ tó dé ìdajì ni àwọn ọmọ kéwú ti bẹ̀rẹ̀ sí í wò mí lójú. Ojú wọn wà lára wàláà onígi, ọkàn wọn wà lára ti oníṣúgà. Ni mo bá ṣèlérí níwájú gbogbo wọn pé wọn yóò jẹ ẹ́. Kareemah, ènìyàn kì í ṣèlérí fún ọmọdé kó tún wá gbà á lẹ́nu rẹ̀.

Ófùnù onígáàsì tí o rà fún ìyá rẹ ṣì wà nínú páálí. O rántí pé ìyá rẹ ti dùbúlẹ̀ àìsàn kí ó tó dé. Láti orí ẹní ló ti wo páálí náà, tó ní òun yóò fi yan tọdún. Èmi àti Fàtímọ̀ gbé e jáde. Nígbà tí mo rí gíláàsì ńlá tó wà níwájú rẹ̀, mo rò pé tẹlifíṣọ̀n wà lára rẹ̀, mo jókòó síwájú rẹ̀ títí, mò ń retí kí ẹnìkan yọ níbẹ̀ kó ṣàlàyé bí a ṣe ń lò ó. Ẹnikẹ́ni kò yọ.

Fídíò bí wọ́n ṣe ń yan bisikíìtì tí o fi ránṣẹ́, mo wò ó. Mo kí obìnrin inú rẹ̀, kò dáhùn, mo ní ìyẹ̀fun tó ń pò ló gbà á lọ́kàn. Ṣùgbọ́n obìnrin náà ń sáré sọ̀rọ̀ bí ẹni tí wọ́n ń lé. Mo fi ìka kan gíláàsì kó lè dúró dè mí, ó bá pòórá, ọkùnrin kan tó ń ta bàtà bọ́ sí àyè rẹ̀. Mo sọ fún un pé bàtà kọ́ ni mò ń wá, pé kó jọ̀wọ́ bá mi pe obìnrin yẹn padà, ó ṣáà ń gbé bàtà sókè sílẹ̀ ni. Ni mo bá pè ọ́. O wà ní ìpàdé, o sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, o ní, "Bàbá, ọgọ́sàn-án ni kí ẹ fi sí i," o sì pa á. Mo dúpẹ́ pé mo tilẹ̀ gbọ́ ìyẹn.

Ó wá ku ṣúgà. Fàtímọ̀ ní agolo mílíìkì méjì ti tó, mo ní kò lè tó. Èmi tí mo ti jẹ ẹ́ láti ìgbà ọ̀dọ́ mi, ẹnu mi mọ̀ ọ́n, ọwọ́ mi ni kò mọ̀ ọ́n. Kareemah, mo mọ̀ pé ìyá rẹ ti kú. Ojú mi ni wọ́n ṣe da iyẹ̀pẹ̀ bò ó. Ṣùgbọ́n ìka mi ti mọ ibi tí nọ́ńbà rẹ̀ wà, ó sì ti tẹ̀ ẹ́ kí n tó ronú. Ó dún. Wọ́n gbé e. Ohùn obìnrin ni. Mo fara ti ògiri, mo ní, "Ìyá Kareemah, agolo ṣúgà mélòó?"

Ẹni náà ní, "Bàbá, ta ni ẹ ń pè?" Ó ní Oyèníkẹ́ ni òun ń jẹ́, pé Ọ̀fà ni òun ń gbé, kò sì tíì pẹ́ tí òun ra nọ́ńbà náà. Mo sọ fún un pé ti ìyàwó mi tó ṣaláìsí ni. Mo ní ẹ̀yin ọmọ ìwòyí ń sọ pé kò sí ohun tí kò sí nínú fóònù, kó bá mi yẹ inú nọ́ńbà yẹn wò dáadáa, bóyá nǹkan díẹ̀ kù sí i nísàlẹ̀, ọ̀rọ̀ ṣúgà, ọ̀rọ̀ bọ́tà. Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní kí n dúró, mo sì ń gbọ́ bó ṣe ń mí. Nígbà tó yá, ó ní, "Ẹ má bínú, Bàbá, òfìfo ni wọ́n tà á fún mi." Ó ní kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere. Mo ṣe àmín, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo lọ jókòó.

Fàtímọ̀ po ìyẹ̀fun, èmi ń gé e. Nítorí ọ̀rọ̀ rẹ, mo rí i dájú pé wàláà náà pé ọgọ́sàn-án. Ìyẹ̀fun kò fẹ́ẹ̀ tó, mo wá gé wọn kéékèèké bí èékánná, a sì kó gbogbo rẹ̀ há inú ófùnù, òmíràn gun òmíràn. Fàtímọ̀ ní ó ti pọ̀ jù. Mo ní ọmọ tó kàwé ló sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ta gáàsì fún wa bá wa tan iná, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Fàtímọ̀ wá di ohun tí wọ́n ń yí lójú ófùnù náà mú, èyí tí wọ́n to nọ́ńbà yí ká, ó yí i dé òpin, ó ní iná kékeré kì í mú nǹkan ọdún jinná.

Èéfín la kọ́kọ́ rí. Nígbà tí a ṣí i, gbogbo rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ra, ó ti di wàláà ńlá kan ṣoṣo, ó dúdú lókè bí ìdí ìkòkò, inú rẹ̀ sì tutù. Fàtímọ̀ bú sẹ́rìn-ín, ó wo ojú mi, ó gbé ẹ̀rín náà mì. Ìyẹ̀fun ti tán, bọ́tà ti tán, wọ́n sì ti ń kígbe níta pé oṣù ti lé. Kareemah, má bínú pé mo sọ ọ́, ọgọ́sàn-án rẹ yẹn pọ̀ jù. Àádọ́ta ì bá tó.

Lọ́jọ́ ọdún, bí a ti dé láti Yídì ni àwọn ọmọ kéwú wọlé nínú aṣọ tuntun wọn, wọ́n jókòó lórí ẹní bí ìgbà tí wọ́n fẹ́ kàwé. Ọ̀jẹ̀túndé ti ṣáájú wọn dé. Kí ni ǹ bá ṣe? Àdá ni mo fi gé ohun náà, mo ha eérú orí rẹ̀ dànù, mo pín in. Àwọn ọmọ náà jẹ ẹ́ tán, ìyẹn ló dùn mí jù. Ọmọdé a máa tu ohun tó bá korò dànù, ṣùgbọ́n ojú mi ni wọ́n wò tí wọ́n fi gbé e mì. Ọ̀jẹ̀túndé jẹ tirẹ̀, ó jẹ ẹ́ títí, ó ṣí fìlà lórí. Ó ní, "Àlùfáà, ẹ̀ bá má jẹ́ kí n tọ́ ọ wò. Títí di òwúrọ̀ yìí, mò ń ṣe é bí ẹni pé ọjà Ilé-Ogbó ni Ìyá Kareemah lọ." Ó dìde, kò dúró jẹ ẹran.

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni o pè. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún ọ, mo ní ṣùgbọ́n ìwọ yóò mọ̀ ọ́n, ìwọ tí o máa ń dúró tì í nídìí ààrò láti kékeré. Mo rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti lọ, mo gun bẹ́ǹṣì, mo na fóònù sókè kó lè rí i mú. Òkè orí mi lọ́hùn-ún ló wà nígbà tí mo gbọ́ pé ẹkún lò ń sun. O ní, "Bàbá, èmi náà ò mọ̀ ọ́n. Gígé nìkan ni wọ́n ń jẹ́ kí n ṣe. Wọn kì í wọn ṣúgà, ọwọ́ ni wọ́n fi ń bù ú. Mo rò pé àyè ṣì wà láti kọ́ ọ." Ibẹ̀ ló ti já.

Ó tán nìyẹn. Mo rò pé a ti sin ìyá rẹ tán ni, n kò mọ̀ pé ó ṣì ku èyí. Kò sí ẹni tí mo lè bi mọ́ ní gbogbo Ìwó, mo sì ti dá ófùnù náà padà sínú páálí rẹ̀.

Mo mọ̀ pé o ti ń wo ìsàlẹ̀ ìwé yìí pé níbo ni Bàbá yóò ti tọrọ owó. Mo fẹ́ tọrọ rẹ̀ lóòótọ́. Owó ọkọ̀ ni, ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni n ó wọkọ̀. Yọ ọ́ nínú èyí tí o fẹ́ fi ránṣẹ́ sí mi, fi fún ara rẹ, kí o fi wálé. O sọ pé láti ìgbà àdúrà ọjọ́ kẹjọ ni ẹsẹ̀ rẹ kò ti lè wọ ilé yìí. Èmi tí mò ń gbé inú rẹ̀, n kò lè gba ẹnu ọ̀nà tí ìyá rẹ máa ń jókòó sí kọjá mọ́, ẹ̀yìnkùlé ni mò ń gbà wọlé. Wá, a ó jọ máa gba ẹ̀yìnkùlé.

Kí Ọlọ́run Ọba ṣọ́ ọ lójú ọ̀nà. Kí ó fún ọ ní ọmọ tí yóò dúró tì ọ́ nídìí iná, kí ó má sì jẹ́ kí o sọ fún un láéláé pé àyè ṣì wà. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ,
Rájí.